Bí Kaúntì Kan ní Amẹ́ríkà Ṣe Ń Ṣètò Ìrìnnà Ogún Ọdún Sílẹ̀

Bí èèyàn bá ṣí ìwé ètò ìrìnnà ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti kaúntì kan ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹ̀ka ìpínlẹ̀ tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀, ohun tí ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ bà lé ni àwòrán títì, afárá àti ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí wọn kò tíì kọ́. Àwòrán wọ̀nyí lè mú kó rò pé àlá lásán ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò owó gan-an ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ìwé náà wo ogún ọdún níwájú, ó kéré tán, kí iye tí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ yóò náni má sì ju iye tí ìrètí gidi wà pé yóò wọlé láàárín ọdún wọ̀nyẹn lọ. Ní àwọn ìlú ńlá àti agbègbè wọn, iṣẹ́ ńlá tí kò bá bá ìwé yìí mu kò lè gba owó ìjọba àpapọ̀, bó ti wù kí àwọn ará àdúgbò pariwo tó.

Kaúntì nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Òfin ojú títì ti ọdún 1962 ló pa á láṣẹ pé agbègbè ìlú tí èèyàn ibẹ̀ bá ju 50,000 lọ gbọ́dọ̀ ní ètò ìrìnnà tí kò dáwọ́ dúró, tí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ jọ fọwọ́ sí. Àjọ tó ń bójú tó o lónìí ni wọ́n ń pè ní MPO (Metropolitan Planning Organization, àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà fún ìlú ńlá àti agbègbè rẹ̀). Àwọn ẹnjiníà ló ń ṣe ìṣirò níbẹ̀, àmọ́ àwọn olóṣèlú tí wọ́n dìbò yàn ní ìlú àti kaúntì ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ tó ń dìbò lé e lórí. Kaúntì Los Angeles, tí èèyàn ibẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá, wà lábẹ́ àjọ kan náà pẹ̀lú kaúntì márùn-ún mìíràn, ìyẹn SCAG, àjọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gúúsù California, nítorí pé ọkọ̀ kò mọ ààlà: ẹni tó ń sùn ní Riverside, ọ̀kan lára kaúntì wọ̀nyẹn, lè máa ṣiṣẹ́ ní Los Angeles. Ní ti kaúntì ìgbèríko tí kò sí lábẹ́ MPO kankan, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣètò tirẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti fọ̀rọ̀ lọ àwọn aláṣẹ ibẹ̀.

Iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka iye èèyàn. Wọ́n á pín agbègbè sí ẹ̀ka kéékèèké, wọ́n á wá fojú bu iye ìdílé àti iye ibi iṣẹ́ tí yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ogún ọdún. Ìbéèrè mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà yóò wá dáhùn tẹ̀ lé ara wọn. Ìrìn àjò mélòó ni yóò máa ti inú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jáde lójúmọ́? Ibo ni wọ́n ń lọ? Ṣé mọ́tò ara wọn ni wọ́n máa wọ̀, àbí bọ́ọ̀sì, àbí ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi rìn? Títì wo ni wọ́n máa gbà? Ká ní ẹnì kan ń kúrò nílé láago méje àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó wà ní máìlì ogún sí ilé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé e gba ọ̀nà tó yá jù. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ mìíràn bá ti kó sójú ọ̀nà yẹn kan náà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á bẹ̀rẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú 25 á di 45, kọ̀ǹpútà á sì darí àwọn kan gba títì inú àdúgbò. Báyìí ni yóò máa ṣí wọn kiri títí kò fi ní sí ẹni tí ọ̀nà mìíràn tún lè yá fún ju èyí tó ń gbà lọ.

Ìṣirò yìí ní ibi tó ti máa ń tàṣé, ibẹ̀ ló sì yẹ kí òǹkàwé ti fura. Títì tí wọ́n bá fẹ̀ sí i máa ń fa ọkọ̀ tuntun mọ́ra: ẹni tó ti ń sá fún un tẹ́lẹ̀ á padà wá, àwọn tó ń kọ́lé tà á sì gba iwájú sí i lọ nítorí pé ọ̀nà ti já geere. Bí kọ̀ǹpútà kò bá ro èyí mọ́ ọn, ìdẹ̀ra tí kò ní pẹ́ ni yóò máa ṣèlérí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó, òun ló sì le jù. Owó-orí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí galọ́ọ̀nù bẹntiróòlù kan jẹ́ sẹ́ǹtì 18.4 láti ọdún 1993, kò sì tíì yí padà, bẹ́ẹ̀ ohun gbogbo ti gbówó lórí, mọ́tò tuntun kò sì mu epo tó ti àtijọ́ mọ́. Òfin tún ní kí wọ́n kọ iye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí yóò ṣe rí lọ́dún tí wọn yóò ná an: afárá tó jẹ́ 100 mílíọ̀nù dọ́là lónìí yóò tó bíi 156 mílíọ̀nù lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí owó ọjà bá ń fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ títì, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń san, kí ìpínlẹ̀ tàbí kaúntì wá ìyókù.

Ibi tí kaúntì mìíràn ti ń rí ìyókù náà ni owó-orí lórí ọjà, èyí tí aráàlú gbọ́dọ̀ fi ìbò gbà. Ní Los Angeles, òfin béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò. Lọ́dún 2008, wọ́n dìbò gba àbá owó-orí tí wọ́n ń pè ní Measure R wọlé, ìdajì sẹ́ǹtì lórí dọ́là kan. Lọ́dún 2012, wọ́n gbé Measure J wá láti fa ọdún rẹ̀ gùn. Ó rí nǹkan bí ìdá 66.1 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ṣubú, nítorí 66.7 ni ó yẹ kó ní. Nígbà tó di 2016, àbá owó-orí mìíràn, Measure M, rí ìdá tó lé ní 71, ó sì wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀nà reluwé kan fi sún síwájú lórí ìwé, irú ìbò báyìí ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo iṣẹ́ ẹnjiníà.

Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti mọ́ tó bí òfin ṣe fẹ́, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé èéfín tí ètò náà yóò mú wá kò ní kọjá òdiwọ̀n. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tuntun á dúró, àyàfi irú àwọn tí wọ́n ń ṣe nítorí ààbò. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni irú agbègbè bẹ́ẹ̀ ń tún ìwé wọn ṣe, àwọn yòókù sì ń ṣe é ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Kí ìgbìmọ̀ tó dìbò, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́rọ̀ lẹ́nu aráàlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò tó wà lójú títì lónìí ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá wá sí ìpàdé tí wọ́n pè nítorí ogún ọdún tó ń bọ̀.

Láti inú ìwé ńlá yìí ni wọ́n ti ń yọ ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TIP (Transportation Improvement Program), tó ń to iṣẹ́ ọdún mẹ́rin, ó kéré tán. Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Inú ìwé TIP yìí sì ni iṣẹ́ tí yóò gba owó ìjọba àpapọ̀ máa ń gbà kọjá. Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tíì sí kò di ohun ìgbàgbé: àyè wà fún wọn láti tò ó sí apá kan ìwé ńlá náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọn ì bá ṣe bí owó bá wà. Bí owó bá wá yọjú, ìgbìmọ̀ á tún jókòó, wọ́n á ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á sì dìbò kí wọ́n tó gbé e bọ́ sáàárín àwọn tí wọ́n lè ṣe.