Inú Ni Ọkọ̀ Irin Ti Ń Dógùn-ún

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ohun tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ onígbòkun tí yóò la òkun ńlá kọjá, wọ́n á ní irin ni, torí òun ló le jù. Ó le lóòótọ́. Bí ó bá forí sọ àpáta, ó sáàbà máa ń tẹ̀ wọnú ni, níbi tí fáíbà, ìyẹn òwú gíláàsì tí wọ́n fi oje lẹ̀ pọ̀, ti lè fọ́. Ọkọ̀ irin ni Bernard Moitessier, atukọ̀ ará Faransé, gbé wọ ìdíje yíyí ayé po lọ́dún 1968. Ṣùgbọ́n tíìkì, irú igi tí wọ́n ń gbìn sínú igbó ọba l'Ékìtì, ni wọ́n fi kan èyí tí Robin Knox-Johnston, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi parí ìdíje náà. Ọjọ́ 312 ló lò lójú òkun láì dúró níbì kankan.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn rò pé òkun tó wà níta ló ń ba irin jẹ́. Ìta ṣeé rí, ó ṣeé họ, ó ṣeé kùn. Inú ni wàhálà wà. Omi tó ń kán láti ojú fèrèsé, èémí àwọn tó sùn nínú ọkọ̀ tó di omi lára irin tútù, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ sísàlẹ̀, á sì dúró sẹ́yìn pákó níbi tí ọwọ́ kò dé. Bíi ti ilẹ̀kùn mọ́tò ló rí. Ẹ bi páńẹ́ẹ̀bítà èyíkéyìí l'Ádó-Èkìtì: ọjọ́ tí ọ̀dà bá wú níta ilẹ̀kùn, irin abẹ́ rẹ̀ ti tán, ìka lásán lè lu ú já. Òjò gba etí gíláàsì wọlé, ìdọ̀tí sì ti dí ihò ìsàlẹ̀ tó yẹ kó gbà jáde. Irú ihò bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn irin tó dà bí egungun ìhà nínú ọkọ̀ irin náà, kí omi lè ṣàn dé ibi tí pọ́ǹpù yóò ti fà á. Ẹni tó bá ń ra àlòkù, kó tú pákó ilẹ̀ inú rẹ̀, kó rọra fi òòlù kékeré lu irin abẹ́ rẹ̀. Irin tó yè á dún gooro. Èyí tó ti jẹ, ohùn rẹ̀ á ti kú.

Àlùmíníọ̀mù gbọ́n ju irin lọ. Afẹ́fẹ́ kàn án, ó ti fi awọ tín-ín-rín bo ara rẹ̀, kò nílò ọ̀dà nínú. Lítà irin kan wọn kílò 7.85, tirẹ̀ jẹ́ 2.7. Bàbà ni ọ̀tá rẹ̀: wáyà bàbà kan tó já bọ́ sínú omi iyọ̀ ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lè jẹ ẹ́ lu.

Ẹni tí kò ní ráyè tú ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, fáíbà ló yẹ ẹ́. Omi lè wọ fáíbà lára kó lé kókó, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣeé tún ṣe.