AI dé sáìtì ìkọ́lé: iṣẹ́ ta ló máa bọ́?

Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìbéèrè kan náà ti ń jáde lẹ́nu bíríkìlà, lẹ́nu ayàwòrán ilé, lẹ́nu òbí tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà: ṣé nǹkan yìí ò ní gba oúnjẹ lẹ́nu wa báyìí? Mo kó èyí tí wọ́n ń béèrè jù jọ, mo sì dáhùn wọn bó ṣe yé mi.

Kí ni AI tiẹ̀ ń ṣe níbi ìkọ́lé? Ṣé róbọ́ọ̀tì tó ń ru búlọ́ọ̀kù ni?

Rárá, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Ó ń ka pílánù, ó ń ka iye ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ń ṣírò simẹ́ǹtì àti irin, ó ń to ètò iṣẹ́: ta ló máa kọ́kọ́ wọlé, ta ló máa tẹ̀ lé e. Ó tún ń wo fọ́tò. Ẹnì kan á de kámẹ́rà kékeré mọ́ akoto rẹ̀, á rìn yí ilé ká bó ṣe máa ń rìn tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ á wá fi ohun tí kámẹ́rà rí wé àwòrán ilé tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá gbàgbé páìpù kan nínú ògiri, ó lè ta wọ́n lólobó kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Spot, ajá onírin tí iléeṣẹ́ Boston Dynamics ṣe, náà ń rin irú ìrìn yìí: ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń ya àwòrán, kò sì ní sọ pé ó rẹ òun títí bátìrì rẹ̀ á fi kú.

Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ kan ń to bíríkì 3,000 lóòjọ́. Kí ló wá kù fún bíríkìlà?

Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. SAM100 lorúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ Construction Robotics ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Wọ́n ní ó lè to bíi 3,000 lóòjọ́, nígbà tí bíríkìlà kan ń to bíi 500. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Apá ẹ̀rọ á mú bíríkì, á fi àpòpọ̀ simẹ́ǹtì sí i, á gbé e kalẹ̀. Àpòpọ̀ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Bíríkìlà tó dúró tì í ló máa há a kúrò, òun náà ló máa dán ojú ìsopọ̀. Igun ilé ńkọ́? Bíríkìlà ni. Ibi tí fèrèsé bá wà ńkọ́? Òun náà ni. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa kó bíríkì sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu kí ebi má pa á.

Ògiri gbọọrọ tí kò ní kọ́lọ́fín kankan ni ẹ̀rọ yìí ti ń fakọ yọ. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìtò gbọọrọ nìkan ló mọ̀ nínú iṣẹ́ ló ní ìdí láti wo ẹ̀yìn. (Kí n tún sọ eléyìí: púpọ̀ nínú ohun tí SAM ń ṣe kì í ṣe AI rárá. Ètò tí wọ́n ti kọ sí i lára ló ń tẹ̀ lé, ó sì ń wọn ibi tó wà bó ṣe ń lọ. Àwọn tó ń polówó ọjà ló sọ gbogbo ohun tó bá ti ń dá mira di AI.)

Èyí tí mo tiẹ̀ fẹ́ràn nínú wọn ni Jaibot, tí iléeṣẹ́ Hilti gbé jáde ní 2020. Ihò ló ń lu sí òkè àjà. Ẹni tó bá ti gbé dírílì sókè orí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ rí, tí eruku kọnkéré ń já bọ́ sí i lójú, tí èjìká ń ro ó dórí ibùsùn, kò ní bá mi jiyàn pé kí ẹ̀rọ máa bá a lọ.

Ẹ̀rọ tó ń na ọ̀gá nínú ayò chess, kí ló dé tí kò lè rẹ́ ògiri yàrá kan?

Ìbéèrè yìí gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ní 1997, kọ̀ǹpútà Deep Blue na Garry Kasparov, ọ̀gá gbogbo ọ̀gá nínú chess nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní 1988 ni Hans Moravec, onímọ̀ róbọ́ọ̀tì, ti kọ ọ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ nira kí kọ̀ǹpútà ṣe bí àgbàlagbà nínú ìdánwò òye tàbí nínú ayò. Ohun tó nira, tó tiẹ̀ lè má ṣeé ṣe, ni láti fún un ní ojú àti ìrìn ọmọ ọdún kan. Ohun tí à ń pè ní iṣẹ́ ọpọlọ ló rọ̀ ẹ̀rọ lọ́rùn. Èyí tí à ń fojú tín-ín-rín, ká tẹ̀ pẹ̀lẹ́ lórí pákó tó lómi, ká fi ọwọ́ kan ṣoṣo yọ ìṣó nígbà tí èkejì di nǹkan mú, ìyẹn ló ń ṣe é bí idán.

Ẹ wo ọ̀gá tó ń lẹ táìlì. Tó bá lẹ̀ ẹ́ tán, ó máa ń padà sẹ́yìn, á fi ẹ̀yìn ìka lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: kó, kó, kó. Ó dé orí ọ̀kan, ohùn yí padà: pò. Abẹ́ ìyẹn ṣófo. Yóò yọ ọ́ kúrò kí simẹ́ǹtì tó le, kò sì ní dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ. Ẹ bi í bó ṣe mọ̀, á ní, "Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ni?"

Ohun kejì ni pé ibi ìkọ́lé kì í ṣe fákítọ̀rì. Láti 1961 tí General Motors ti kọ́kọ́ lo apá onírin tí wọ́n ń pè ní Unimate ni róbọ́ọ̀tì ti ń jókòó sójú kan, tí iṣẹ́ ń wá bá a. Ní sáìtì, ilé ló dúró, òṣìṣẹ́ ló ń rìn. Ilẹ̀ òní kì í ṣe ilẹ̀ àná: wọ́n ti gbẹ́ kòtò síbi tí ọ̀nà wà lánàá, òjò ti rọ̀, ẹnì kan ti kó irin dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará Japan ti rí i. Ní 1983, iléeṣẹ́ Shimizu ṣe róbọ́ọ̀tì SSR-1 tó ń fín ohun tí kì í jẹ́ kí iná ràn sára irin ilé, àwọn iléeṣẹ́ ńlá yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Japan dojú dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí òkè, púpọ̀ nínú róbọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn dèrò ilé ìkẹ́rùsí. Owó tí wọ́n ń jẹ pọ̀ ju iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lọ.

Ta ló wá yẹ kó máa ṣọ́ra jù?

Ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì sáìtì. Ní 2023, àjọ ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, wo irú AI tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ akọ̀wé ló kàn jù: bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn akọ̀wé ń ṣe ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀ gbọnrangandan. Ẹ gbé ìyẹn wá sí sáìtì: ẹni tó ń kọ ìròyìn ojoojúmọ́, ẹni tó ń fi iye owó ọjà wéra, ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó gbéṣẹ́ fún wọn, ẹni tó ń tún àwòrán kan náà yà lẹ́ẹ̀mẹwàá nítorí onílé ní òun fẹ́ kí balùwẹ̀ kọjú síbòmíràn. Àwa tí a lọ síléèwé kí ọwọ́ wa má bàa dọ̀tí, àwa ni ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ wá bá. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé inú.

Bí AI bá ń ṣe iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́, níbo ni ọ̀gá ọ̀la yóò ti wá?

Èyí ló ń dùn mí jù, n kò sì rí i kí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí dáhùn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tó ń ṣírò ohun ìkọ́lé nìyí: wọ́n á tẹ́ pílánù síwájú rẹ̀, wọ́n á fún un ní rúlà àti báírò aláwọ̀ yẹ́lò, wọ́n á ní kó lọ ka ilẹ̀kùn. Bó bá ti ka ọ̀kan, á kùn ún. Iṣẹ́ tó ń súni ni, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n níbi tó ti ń kùn ún ló ti máa rí i pé ilẹ̀kùn kan fẹ́ ṣí lu òpó. Ó máa rí i pé balùwẹ̀ òkè kò sí lórí balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, páìpù á gba àárín pálọ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó ní kó wá a. Ojú tó fi ń ka ilẹ̀kùn yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó lè ka ilé.

Ẹ̀rọ ń ka ilẹ̀kùn náà báyìí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iye rẹ̀ sì sábà máa ń pé. Ọ̀gá tó ti ka ilẹ̀kùn fún ogún ọdún lè wo iye yẹn kó ní, "Èyí ò lè rí bẹ́ẹ̀." Ọmọ tí kò ka ilẹ̀kùn rí á fọwọ́ sí i, á fi ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ ò lé ẹnikẹ́ni, a ò sì rí ẹni tó ń sunkún lẹ́nu géètì. Wọn ò kàn gba ọmọ tuntun mọ́ ni. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bọ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ìró rẹ̀.

Kámẹ́rà orí akoto yẹn, ṣé ààbò ni àbí olófòófó?

Méjèèjì. Ẹ̀rọ tó rí i pé ẹnì kan wà lẹ́yìn katapílà tó fẹ́ bì sẹ́yìn, tó sì pariwo, ti ṣe ohun tí ojú awakọ̀ kò lè ṣe. Ẹ̀rọ yẹn kan náà lè máa ka iye ìgbà tí ẹ jókòó. Ohun tó kọjú sí ọ̀gá, ẹ̀yìn ló kọ sí lébìrà. Ní Yúróòpù, òfin AI tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 ka irú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òṣìṣẹ́, tó sì ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, mọ́ àwọn tó léwu gidi. Láti oṣù kejì ọdún 2025, ó ti di èèwọ̀ níbẹ̀ kí ẹ̀rọ máa wo ojú òṣìṣẹ́ láti mọ̀ bóyá inú ń bí i, àfi tó bá jẹ́ nítorí ìlera tàbí ààbò. Níbi tí kò bá sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè kí wọ́n tó de kámẹ́rà mọ́ yín: ta ló ń wo àwòrán yìí, ìgbà wo ni wọ́n sì máa pa á rẹ́?

Kí ló tiẹ̀ ń lé wọn tí wọ́n fi ń wá ẹ̀rọ?

Ohun méjì ni. Iṣẹ́ ìkọ́lé kì í yára sí i. McKinsey Global Institute, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ọrọ̀ ajé, ṣírò rẹ̀ ní 2017 pé fún nǹkan bí ogún ọdún, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún ni ohun tí òṣìṣẹ́ ìkọ́lé ń mú jáde fi ń pọ̀ sí i, nígbà tí ti gbogbo ọrọ̀ ajé àgbáyé jẹ́ 2.8. Èkejì ni pé àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ń wá òṣìṣẹ́ tì. Ní Japan, àwọn arúgbó ló pọ̀ lórí iṣẹ́ náà, òfin sì ti dín àfikún wákàtí wọn kù láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí ọwọ́ ńlẹ̀ ni. Níbi tí ọwọ́ ti pọ̀, tí owó iṣẹ́ sì kéré, ta ló máa náwó ra róbọ́ọ̀tì?

Bí AI bá ṣírò irin tì, tí ilé wó ńkọ́?

Ẹnjiníà tó fọwọ́ síwèé ni wọ́n máa mú. Ẹ̀rọ kì í lọ sẹ́wọ̀n.

Ọmọ mi fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìkọ́lé. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ẹ jẹ́ kó lọ. Geoffrey Hinton, ọ̀kan nínú àwọn tó bí AI òde òní, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2024, ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé iṣẹ́ púlọ́ńbà jẹ́ iṣẹ́ tó dáa láti kọ́ lásìkò yìí. Àtúnṣe ilé àtijọ́ ni kó fojú sí jù, nítorí ilé àtijọ́ kì í bá pílánù rẹ̀ mu, ẹ̀rọ kì í sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri tí ẹnikẹ́ni ò yà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́, ẹ lọ síbi tí ọ̀gá náà ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ ní kó fi ohun kan hàn yín tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dá ṣe, tó bà jẹ́, tó sì ní kó tú palẹ̀ kó tún un ṣe. Bí kò bá rí ọ̀kan fi hàn yín, ẹ mú ọmọ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.