Kí Ló Dé Tí Ọmọ Kì Í Làágùn Nídìí Eré Ìdárayá?

Bọ́ọ̀lù wà, pápá wà, àwọn ọmọ ń pariwo. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ wọn kì í làágùn títí aago á fi lù?

Ìlà tí wọ́n tò sí ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ọmọ 40, bọ́ọ̀lù ẹyọ kan. Tíṣà ní kí kálukú gbá bọ́ọ̀lù débi òkúta, kó sì gbá a padà. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá lo ìdajì ìṣẹ́jú, ó di ẹ̀yìn ìṣẹ́jú 20 kó tó tún kàn án. Nínú ìṣẹ́jú 40, ìṣẹ́jú kan péré ló fi sáré. Ìyókù, ìdúró ni, àti kí wọ́n máa ti ara wọn.

Ṣé kì í ṣe pé bọ́ọ̀lù ò tó ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń sọ nìyẹn, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn kì í dúró de bọ́ọ̀lù kejì. Wọ́n á pín kíláàsì sí ọ̀nà márùn-ún, ọmọ mẹ́jọ-mẹ́jọ: àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, mẹ́rin sí mẹ́rin, àwọn kan ń fo okùn, àwọn kan ń ṣe tẹ̀ǹ-tẹ́n, àwọn kan ń sáré láàárín ike omi méjì tí wọ́n rọ yanrìn sí, àwọn tó kù ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́ (kì í ṣe ti ìjìyà o). Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, fèrè á dún, wọ́n á pààrọ̀ ibi. Ariwo rẹ̀ pọ̀, mo gbà. Ọ̀gá ilé ìwé lè yọjú lójú fèrèsé.

Eré tí wọ́n ti ń yọ ẹni tó bá fìdí rẹmi ńkọ́?

Èyí gan-an ni mi ò fẹ́. Ẹ wo eré àga: orin dákẹ́, ẹni tí kò rí àga jókòó á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló ń kọ́kọ́ jáde? Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ wúwo, ẹni tí sísáré tọ́ sí jù. Tíṣà tó mọ̀ ọ́n ṣe á ní kó fò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó padà wọlé.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ara ọmọ ń ṣiṣẹ́?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán, ṣe ohun tó ń mú èémí yára. Ẹnu wọn ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí: bí ara bá ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n, ọmọ lè sọ̀rọ̀, kò lè kọrin. Ẹ wá wo ẹkùn mẹ́ran. Ọmọ 38 di ọwọ́ mú, wọ́n ń gbe orin, ohùn wọn dùn. Ẹran àti ẹkùn nìkan ni kò lè gbè é.