Ìfúnmọ́ra ilé àti ọ̀wọ́n owó ọkọ̀ ní Òṣogbo

Bí ilé ṣe fún mọ́ra sí nínú ìlú wà lára ohun tó ń pinnu bí ọ̀wọ́n owó ọkọ̀ ṣe máa ń ni ará ìlú lára tó. Ní 1989, Peter Newman àti Jeffrey Kenworthy, àwọn onímọ̀ ètò ìlú, fi ìlú ńlá 32 wéra, wọ́n sì rí i pé ibi tí ilé bá ti fún mọ́ra, epo tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sun máa ń kéré. Àwọn onímọ̀ mìíràn ní iye tí wọ́n ń ta epo náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Àárín ìlú

Ilé ti fún mọ́ra láàárín Òṣogbo kí mọ́tò tó dé. Ọjà Ọba wà lẹ́bàá ààfin Àtáọ́ja, agboolé sì yí i ká; ọ̀nà ẹsẹ̀ ń gba ẹ̀yìn ilé kan bọ́ sí iwájú òmíràn. Ìyá tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lè gbé agbọ̀n ata karí, kó fẹsẹ̀ rìn dé orí àtẹ rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Nígbà tí rélùwéè dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ìtòsí ibẹ̀ náà ni òwò dúró sí, ní ojú ọ̀nà Stéṣọ̀n. Ó jọ pé ètò àtijọ́ yìí ni ààbò tó lágbára jù tí ìlú ní nígbà tí epo bá wọ́n.

Ẹ̀yìn odi

Òṣogbo di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 27 Oṣù Kẹjọ 1991. Láti ìgbà náà, ilé ti tàn lọ sí ọ̀nà Gbọ̀ngán, Ìkìrun àti Ìlobùú. Abere, lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, ni sẹkitéríàtì ìjọba wà. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbẹ̀ láti àárín ìlú kò lè fẹsẹ̀ rìn ín lójoojúmọ́: kórópe, kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí ọ̀kadà ni yóò wọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún 2023, jálá epo kan tó jẹ́ nǹkan bíi ₦800 kọjá ₦2,000 láàárín oṣù méjì. Ará ẹ̀yìn odi ni irú èyí kọ́kọ́ máa ń dé bá.

Owó-orí ọkọ̀

Láti 2003 ni Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú. Tikẹ́ẹ̀tì tí awakọ̀ ń já lọ́dọ̀ wa níbí náà jẹ́ ti òòjọ́, kò sì wo bí ọkọ̀ ṣe rìn jìnnà tó. Awakọ̀ a sì pín in lé èrò lórí.