Másáàjì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹsẹ̀ tó wú: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Ohùn kan ń ti orí fóònù dé orí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ọkùnrin inú rẹ̀ ní ẹni tó bá ń jẹ́ kí wọ́n bá òun wọ́ ara déédéé, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á lọ, májèlé á jáde, kò sì ní lo oògùn mọ́. Láti Tákíé títí dé Under-G ni ìbéèrè ti ń wọlé.

Ṣé òótọ́ ni pé másáàjì ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru?

Rárá. Ẹ má pa oògùn yín tì.

Kí ló wá ń ṣe?

Ó ń dẹ iṣan tó bá le, ó ń fi ọkàn balẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí oorun dùn. Ní ti ẹ̀yìn ríro, American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, kà á ní 2017 mọ́ ohun tí èèyàn lè kọ́kọ́ gbìyànjú kó tó gbé oògùn mì, bí ẹ̀yìn náà kò bá tíì ro ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Nínú ìmọ̀ràn yẹn kan náà, ẹ̀rí tó wà fún ooru lágbára ju ti wíwọ́ lọ, nítorí náà ìyá àgbà tó ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn yín kò ṣìnà. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 12, eré ìdárayá ló wà níwájú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Májèlé tí wọ́n ní ó ń lé jáde ńkọ́?

Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, wọn kì í sì í gba owó.

Òrí ló dára jù àbí àdí?

Èyí tí ara yín bá gbà. Kí ọwọ́ lè máa yọ̀ ni.

Ẹsẹ̀ mi kan wú, ó sì gbóná. Ṣé kí wọ́n bá mi wọ́ ọ?

Ẹ má ṣe é! Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí ibí ni wíwọ́ ti lè pa èèyàn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ń ro, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú rẹ̀. Ó máa ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tó ti pẹ́ lórí ibùsùn, tàbí ẹni tó jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kó lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. LAUTECH Teaching Hospital wà nílùú, Bowen University Teaching Hospital náà wà; ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lọ, kíákíá pàápàá bí èémí bá ń já tàbí tí àyà ń dùn yín.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹsẹ̀ wíwú ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó dúró lọ́jà látàárọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú díẹ̀ lálẹ́, tó sì ti rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

Aboyún ńkọ́?

Èjìká, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀, kí ọwọ́ fúyẹ́. Ní ti ikùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ láti fi yí ọmọ padà. Ibi ọmọ lè ṣí kúrò lára ilé ọmọ láìtọ́jọ́. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ gbígbóná tẹ ojú ọgbẹ́, bí ìyá ọkọ tilẹ̀ ń bínú.

Onígbàjámọ̀ tó máa ń yí ọrùn kó lè dún ńkọ́?

Ẹ ní kó gba owó rẹ̀, kó fi ọrùn sílẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n yíyí òjijì lè fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ya, kó sì di rọpárọsẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́?

Bó bá pe ara rẹ̀ ní physiotherapist, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ fífi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti oríkèé, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ tó ń fún wọn láṣẹ iṣẹ́; ẹ ní kó fi hàn yín. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bóyá yóò béèrè oògùn tí ẹ ń lò, iṣẹ́ abẹ, àtọ̀gbẹ tàbí oyún. Èyí tó bá kàn ní kí ẹ dojú bolẹ̀ láìbèèrè nǹkan kan, ẹ wọ bàtà yín.

Bó bá ń dùn mí gan-an, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìrora bá mú yín pariwo, ẹ ní kó dáwọ́ dúró. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá kú tipiri lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.