Kẹ̀kẹ́ Ìwé: Bí Kíka Ìwé Púpọ̀ Pọ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Bí ìwé mẹ́rin bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò tíì parí ọ̀kan, a máa ń ní ọkàn rẹ̀ kò pa pọ̀. “Parí ọ̀kan ná!” ni ìyá mi máa ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ sọ kíka ìwé púpọ̀ pọ̀ di iṣẹ́, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, wọn kì í ṣe aláìnísùúrù.

Láyé àtijọ́, nílẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù, ìwé kíká ni ìwé: páfírù gígùn, ohun ìkọ̀wé tí wọ́n fi koríko etí omi ṣe, tí wọ́n ká jọ bí ẹní. Ọwọ́ kan ń tú u, ọwọ́ kejì ń ká a. Kò sí ọwọ́ kẹta tí yóò di ìwé mìíràn mú. Nígbà tí ìwé olójú-ewé, irú tiwa yìí, bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Jésù, ó lè ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì kí ọwọ́ òǹkàwé sì ṣófo. Lójú tèmi, ọwọ́ tó ṣófo yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Origen, ọ̀mọ̀wé Kristẹni kan, gba ọ̀nà tirẹ̀ ní Kesaríà ní ọ̀rúndún kẹta. Ó to Májẹ̀mú Láéláé sí òpó mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Hébérù, Hébérù tí wọ́n fi lẹ́tà Gíríìkì kọ, àti ìtumọ̀ Gíríìkì mẹ́rin. Ìwé mẹ́fà, ojú kan.

Lẹ́yìn tí Gutenberg bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní Mainz, ní Jámánì, ní nǹkan bí 1450, ìwé wá pọ̀. Ọ̀mọ̀wé tó fẹ́ mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé kan purọ́ ní láti ṣí ti ẹlòmíràn wò. Ọ̀pọ̀ ìwé náà sì tóbi, ó wúwo. Gbígbé wọn sókè sódò kì í ṣe eré.

Ní 1588, ní Párísì, Agostino Ramelli tẹ ìwé kan jáde lédè Ítálì àti Faransé. Ọmọ Ítálì ni, ẹnjiníà ogun tó ń sin Henri Kẹta, ọba Faransé. Àwòrán ẹ̀rọ 195 ló wà nínú ìwé náà, ti fífa omi ló pọ̀ jù. Àwòrán 188 ni kẹ̀kẹ́ ìwé: kẹ̀kẹ́ igi tó dúró lóòró, tí wọ́n to àwọn pẹpẹ sí yí ká, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ṣí sílẹ̀ lórí pẹpẹ tirẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó síwájú rẹ̀. Ramelli ní ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn ìwé, pàápàá ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tàbí tí làkúrègbé ẹsẹ̀ ń dà láàmú: yóò jókòó sójú kan, ìwé ni yóò máa wá bá a.

Ibi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín rèé. Kí ìwé má baà já bọ́ bí kẹ̀kẹ́ ti ń yí, Ramelli to eyín kẹ̀kẹ́ wọnú ara wọn, irú èyí tó wà nínú aago tó ń fi ìrìn òṣùpá hàn. Bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ ńlá tí àwọn ọmọdé ń gùn níbi ìṣeré, ìjókòó rẹ̀ kò nílò eyín kankan. Ìwúwo rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó dojú dé. Ẹnjiníà ni Ramelli, ó fẹ́ ká rí iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Àwọn mìíràn wá ń kan irú rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ilé ìkàwé Palafoxiana ní Puebla, ní Mẹ́síkò. Ní 2018, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní Rochester Institute of Technology, ní Amẹ́ríkà, wo àwòrán Ramelli, wọ́n sì kan kẹ̀kẹ́ ìwé méjì, ìwé mẹ́jọ mẹ́jọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Wolfenbüttel ní Jámánì ni mo fẹ́ràn jù. August, ìjòyè tó ṣàkóso ibẹ̀ títí di 1666, kó ìwé jọ débi pé òun fúnra rẹ̀ ń fọwọ́ kọ orúkọ wọn sínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ràgàjì. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ló wá tò sórí kẹ̀kẹ́ náà.