Ohun tó ń mú ìtàn àròsọ rìn

Ní iléèwé, wọ́n máa ń to ohun tó wà nínú ìtàn àròsọ sílẹ̀ fúnni ni, ẹ̀dá ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn, ibùdó ìtàn, òǹsọ̀tàn, kókó ọ̀rọ̀, èèyàn á há a sórí, ìdánwò á dé, ó parí. Kò burú, àmọ́ ẹni tó há a sórí bẹ́ẹ̀ lè má mọ bí ọ̀kan ṣe ń ti èkejì, torí nínú ìtàn gidi wọn kì í dá dúró, téèyàn bá fọwọ́ kan ọ̀kan, gbogbo ìyókù ló máa mì.

Ẹ jẹ́ ká hun ìtàn kékeré kan fi wò ó. Obìnrin kan wà nínú bọ́ọ̀sì lálẹ́, ó rí fóònù olówó ńlá tẹ́nì kan gbàgbé sórí ìjókòó, ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, kò sì sówó oògùn. Bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ sínú báàgì báyìí, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ohun tó hàn lójú ẹ̀ ni "Mọ́mì mi".

Ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe fóònù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, ohun tí obìnrin yẹn ń fẹ́ ni. Ó ń wá owó oògùn, nǹkan kan wá dìde tó ní kò ní rọrùn. Ẹ̀dá ìtàn tí ò fẹ́ nǹkan kan, wọn ì báà ṣàpèjúwe irun ẹ̀ àti aṣọ ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò lè gbé ìtàn dé ojú ewé kejì. Ibẹ̀ náà ni wàhálà inú ìtàn ti ń jáde, ẹni yẹn ń lọ síbì kan, nǹkan míì ń fà á sẹ́yìn, ó lè jẹ́ èèyàn bíi tiẹ̀, ó lè jẹ́ ìjọba, àìsàn, òjò, ó sì lè jẹ́ ọkàn òun fúnra ẹ̀. Ti obìnrin yìí, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ti ń wọlé, owó ò sí, ẹ̀rí ọkàn ò sì jẹ́ kó simi, èyí tinú ọkàn yẹn ló sì máa ń dùn kà jù.

Àhunpọ̀ ìtàn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. E. M. Forster, òǹkọ̀wé ará England, ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1927 pé tí wọ́n bá ní ọba kú, lẹ́yìn náà olorì kú, ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tó kàn tẹ̀ léra ni, àmọ́ tó bá jẹ́ ìbànújẹ́ ikú ọba ló pa olorì, wọ́n ti so pọ̀ di àhunpọ̀ nìyẹn. Ohun tó ń so ó ni ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ dán ìtàn wò, kó fi ọ̀rọ̀ kan sáàárín ìṣẹ̀lẹ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e: tó bá jẹ́ "torí náà" tàbí "àmọ́" ló bá a mu, ó ń lọ dáadáa, tó bá jẹ́ "lẹ́yìn náà, lẹ́yìn náà" ṣáá, òǹkàwé ti ń wá ibi tó máa gbé ìwé sí. Obìnrin yẹn ò lè fara da bí fóònù ṣe ń dún, torí náà ó gbé e, àmọ́ ìyá arúgbó tó wà lódì kejì rò pé ọmọ òun ló gbé e, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un.

Àwọn kan á tún mú àwòrán òkè onígun mẹ́ta jáde, ti Gustav Freytag ará Jámánì, ìbẹ̀rẹ̀, gígùn òkè, ṣóńṣó, sísọ̀kalẹ̀, òpin. Ọdún 1863 ló kọ ìwé ẹ̀, eré orí ìtàgé ló sì ń sọ, ti àwọn Gíríìkì àtijọ́ àti ti Shakespeare pàápàá, nítorí náà kí wọ́n má fi jẹ èèyàn níyà pé ìtàn tiẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Forster yìí náà ló pín ẹ̀dá ìtàn sí méjì, àwọn kan pẹlẹbẹ, ìwà kan ṣoṣo ni wọ́n ní látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn kan kún, wọ́n lè ṣe ohun tá ò retí ká sì gbà pé àwọn ló ṣe é lóòótọ́. Pípẹlẹbẹ kì í ṣe àbùkù o. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì yẹn, kó sáà máa pariwo mọ́ èrò, ó ti tó, tí wọ́n bá lọ ń sọ ìgbà èwe ẹ̀ fún wa, a ò ní mọ ìtàn ta là ń kà mọ́.

Ibùdó ìtàn ò le, ibo ni àti ìgbà wo ni. Kó sáà máa ṣiṣẹ́ ni. Tá a bá gbé ìtàn yìí lọ sígbà tí ò tíì sí fóònù, àpò owó ló máa rí, àpò kì í sì í dún, kò ní sí "Mọ́mì mi" kankan, gbogbo ìtàn á yí padà.

Èyí táwọn èèyàn kì í fiyè sí tó ni òǹsọ̀tàn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu ohun tá a máa mọ̀ àtìgbà tá a máa mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ obìnrin yẹn ló ń sọ ọ́ fúnra ẹ̀, ojú-mi-ló-ṣe nìyẹn, "mo rí fóònù kan", inú orí ẹ̀ la wà, a ò lè mọ ohun tí ẹlòmíì ń rò, ó sì lè máa tan ara ẹ̀ jẹ, kó ní òun kàn fẹ́ bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni, káwa tá à ń kà á sì ti rí i pé irọ́ ni. Irú òǹsọ̀tàn tí ò ṣeé fọkàn tán yìí ṣòroó kọ, torí òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ jẹ́ ká gbọ́ irọ́ ká sì rí òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ arínúróde, ó lè wọ inú obìnrin yẹn, kó jáde, kó wọ inú ìyá arúgbó, kó tún sọ ibi tí ẹni tó ni fóònù wà. Ó gbà á láyè, àmọ́ tó bá ń fò láti orí dé orí nínú ìpínrọ̀ kan náà, òòyì á kọ́ òǹkàwé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi máa ń pe ẹ̀dá ìtàn ní "ó", síbẹ̀ tí wọn ò ní kúrò lẹ́yìn ẹnì kan ṣoṣo.

Kókó ọ̀rọ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwàásù. Kò sẹ́ni tó máa sọ nínú ìtàn yìí pé olè jíjà ò dáa, ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé kí ni ẹni tí ìyà ń jẹ jẹ àjèjì ní gbèsè, ohun tí obìnrin yẹn bá sì ṣe ló máa dáhùn ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìparí ìtàn fi gbọ́dọ̀ tọwọ́ ẹ̀ wá. Pé ó ṣàdédé rí fóònù, òǹkàwé gbà bẹ́ẹ̀, torí wàhálà lèyí dá sílẹ̀. Àmọ́ tó bá di ìparí tá a wá gbọ́ pé dókítà ọlọ́wọ́ ṣíṣí ló ni fóònù, tó sì tọ́jú ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ìbínú ni òǹkàwé á fi pa ìwé yẹn dé, òǹkọ̀wé ló yọ obìnrin náà nínú wàhálà, kì í ṣe òun ló yọ ara ẹ̀. Kó dá fóònù padà o, kó tà á o, èyíkéyìí ló lè dùn, tó bá sáà ti jẹ́ òun ló ṣe é.